Ìkòkò Irin Ìyá Minha

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ

Ooru yìí fẹ́ pa ènìyàn. Mo lọ sọ́jà láàárọ̀, mo ra ìkòkò tuntun tí n ó máa fi yọ́ òjé tí a ń so mọ́ okùn ìpẹja, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún wọ́ọ̀nù. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ gígùn, ẹnu rẹ̀ sì yọ ṣóńṣó fún dídà, kò ní í máa ta sí mi lẹ́sẹ̀ bíi ti àtijọ́. Ìkòkò irin ìyàwó mi, Ìyá Minha, tí mo ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà òtútù, mo dá a padà fún un. Mo fi yanrìn etíkun fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo tún fi ọṣẹ ṣàn án. Ó ń dán.

Ó gbé e, ó yí i sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì.

"Ìkòkò mi ti dé láti oko ẹrú," ló wí. "Mo rò pé ẹ ti gbé e níyàwó ni."

"Iṣẹ́ tó ṣe lọ́dọ̀ mi ju iṣẹ́ ọbẹ̀ lọ o."

"Ọbẹ̀ náà ni yóò padà sí. Kò sí ìkòkò tó ń se kimchi kíkan bí eléyìí nílé yìí. Èmi ni mo mọ ohun tí ojú mi rí láti oṣù mẹ́fà."

Manho, ọ̀rẹ́ mi, náà yà wá lọ́sàn-án. Ó kó òjé kún korobá kan wá, irú tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, pẹ̀lú àfọ́kù páìpù omi àtijọ́. Ó ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá ni ìdíje ẹgbẹ́ apẹja wa, òjé tèmi ni gbogbo wọn fẹ́ so mọ́ okùn. "Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ń yí lábẹ́ omi bí ọ̀mùtí," ló wí. "Tìrẹ ló ń lọ tààrà." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gbọ́ dáadáa.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òjò. Mọ́ọ̀dù tuntun tí mo ń da òjé sí là. Ẹ̀bi mi ni. Ẹfun tí mo fi ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́, kò tíì gbẹ dénú, n kò sì ní sùúrù. Bí òjé gbígbóná ṣe kan ọ̀rinrin inú rẹ̀, ó bú gbàù, ó fọ́n ká. Ẹ̀kán kan bà mí lẹ́yìn ọwọ́.

Ìyá Minha ń bu omi tútù sí i, ó ń sọ̀rọ̀: "Ẹni tó fi ogójì ọdún wà lójú òkun tí òkun ò rí i pa, ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló fẹ́ kú sí."

Mo gbé mọ́ọ̀dù méjì yòókù sórí sítóòfù rẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹsàn-án

Oòrùn ti padà. Ìyá Minha ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá ata tí yóò fi ṣe kimchi ìgbà òtútù, kábéèjì oníata tí à ń fi pamọ́ kó kan. Ẹní mẹ́ta ló tẹ́ sẹ́yìnkùlé, gbogbo ibẹ̀ pupa. Kò sí ibi tí n ó gbé tábìlì mi sí mọ́. A jà díẹ̀. Níkẹyìn ó fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sílẹ̀, ó pín ẹ̀yìnkùlé sí méjì bí wọ́n ṣe pín orílẹ̀-èdè yìí, ó ní àríwá ni tèmi, gúúsù ni tòun.

"Ẹ má kọjá ààlà o."

"Bí atẹ́gùn bá kọjá ńkọ́?"

"Ẹ mú atẹ́gùn yín kẹ́ ẹ dè é mọ́lẹ̀."

Mo fi iná àbẹ́là fín inú mọ́ọ̀dù kó dúdú kí òjé lè ṣàn wọ kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo kó ìdàrọ́ orí òjé kúrò, mo dà á. Ogún péré ló dára. Mo fi fáìlì rin ìdí wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.


Ọjọ́ kẹfà

Òní ni mo da èyí tó dára jù láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Ó ń kọ mọ̀nà bí ikùn ẹja tuntun.


Ọjọ́ kọkànlá

Ìyá Minha ní inú ń lọ́ òun. Ó tún ní ẹnu òun rí bí ẹni tó ń lá owó irin, pé oúnjẹ kankan kò dùn. Èmi ni oúnjẹ kò dùn mọ́ lẹ́nu jù, nítorí iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ alẹ́ òní débi pé mo mu omi ife mẹ́ta. Mo sọ fún un. Ó ní òun kò mọ̀ pé iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Apòògùn ní inú rírun ni. Rárá, kí n kọ ohun tó sọ gan-an: ó ní àgbà ni, àti ata. Ó fún un ní oògùn lẹ́búlẹ́bú.

Ọ̀sán gangan ni mo bá a tó sùn síbi tó ti ń gbá ẹ̀yìnkùlé, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Apá tèmi ló ń gbá, ìhà àríwá. Mo jí i. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́, ṣé ó fẹ́ kó òjé kéékèèké mi nù ni? Ó ní ó rẹ òun díẹ̀ ni. Ó wọlé lọ.


Ọjọ́ ogún

Ata ti di lílọ̀. Ó pupa dáadáa. Ìyá Minha di ike ńlá kan fún Minha, ọmọ wa, a fi ránṣẹ́ sí i ní Seoul. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé kò sí ata gidi ní Seoul, pé pupa lásán ni wọ́n ń tà fún wọn.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọdún ìkórè

Minha àti ọkọ rẹ̀ wá. Bí ó ṣe wọlé ló di ìyá rẹ̀ mú.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ rù báyìí? Ojú yín funfun!"

"Mo ti dàgbà ni. Ìwọ wá fi ikùn rẹ hàn mí."

Mo mú àna mi lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fi mọ́ọ̀dù hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: ti igi, ti ẹfun, ti aluminiọ́mù tí mo gbẹ́ fúnra mi. Ó ń mi orí, ó ń wo fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ la wà nígbà tí a gbọ́ tí àwo fọ́ nínú ilé. Àwo ńlá tí a fi ń gbé ẹja sórí tábìlì tí a ń tẹ́ fún àwọn baba ńlá wa ni. Ó já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Minha. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Mo ní, "Lójoojúmọ́ ni nǹkan ń fọ́ nílé yìí báyìí." Mo sọ ọ́ níwájú àna. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹwàá

Ìyá Minha kì í bẹni. Lónìí, ó bẹ̀ mí.

"Bàbá Minha, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn lọ́la. N kò lè dá lọ. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

Mo ní lọ́la ni a fẹ́ wọn okùn, ọ̀túnla sì ni ìdíje. Mo ní Ọjọ́ Ajé, láàárọ̀ kùtù, n ó gbé e lọ. Ó ní ó dáa. Ó tún ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́ Ajé lóòótọ́ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.


Ọjọ́ kẹfà

Mo ṣe ipò kejì. Ẹja pupa kan tó gùn tó apá mi. Manho gbé ọwọ́ mi sókè níwájú gbogbo ènìyàn, ó ń pariwo, "Òjé rẹ̀ ni! Òjé rẹ̀ ni!" A mu ọtí.

Nígbà tí mo délé, iná ilé ìdáná wà ní títàn. Ó wà nílẹ̀, ó ká eékún mọ́ àyà, ó fi ìkúùkù rẹ̀ ti inú. Kò ké. Ìyá Minha kì í ké. Ó ń mí bí ẹni tó ń gbé ẹrù gòkè. Mo ju ẹja náà sílẹ̀, mo pe ọkọ̀ aláìsàn.

N kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. N kò tíì lè bi í.


Ọjọ́ kẹjọ

Ilé ìwòsàn ìlú wa, Tongyong, ní ọgbẹ́ inú ni. Wọ́n ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, wọn kò rí ọgbẹ́ kankan. Wọ́n ní ìfun rẹ̀ ti dì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré. Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Jinju. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé e, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rù.


Ọjọ́ kẹwàá, Jinju

Dókítà obìnrin kan, Ha lorúkọ rẹ̀, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní kí Ìyá Minha la ẹnu. Ó tan iná sí èrìgì rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà dúdú kan nídìí eyín, ó tún tan án sí i.

"Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ilé. Nígbà òtútù, mo máa ń bá wọn ṣí ìkarahun òkun."

"Bàbá ńkọ́?"

"Mo ti fẹ̀yìntì," ni mo wí. "Mo kàn ń pẹja ṣeré ni."

"Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan tí ẹ ń ṣe nílé? Ọ̀dà? Bátìrì?"

Mo ní kò sí. N kò purọ́. Ó jọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ohun tí mo fẹ́ràn ni, kì í ṣe iṣẹ́.

Ìyá Minha ló fèsì lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wà ní dídì. "Ó ń da òjé."

Dókítà gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Níbo?"

"Lẹ́yìnkùlé," ni mo wí.

"Inú kí lẹ ń yọ́ ọ sí?"

"Mo ní ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tuntun ni. Ẹnikẹ́ni ò fi se nǹkan rí."

"Kí ẹ tó ra tuntun yẹn ńkọ́?"

Ìyá Minha la ojú. Kò wo dókítà, èmi ló wò.

"Mo fọ̀ ọ́," ni mo wí. "Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́. Ó ń dán."

"Òjé kì í tán lára irin, Bàbá," ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kí ni Màmá ń sè nínú rẹ̀?"

"Ọ̀sán mi," ni Ìyá Minha wí. "Bí òun bá ti lọ bá wọn jẹun létíkun, mo máa ń gbé kimchi kíkan díẹ̀ kaná. Èmi nìkan. Ó tó mi."

Dókítà ní ohun kíkan ló máa ń fa òjé jáde jù.


Ọjọ́ kọkànlá

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé. Òjé ló di májèlé sí i lára. Ó pọ̀ débi pé wọ́n pe dókítà mìíràn wá wò ó. Wọ́n ti ń fa oògùn tí yóò máa wọ́ ọ jáde sí i lára. Wọ́n yẹ tèmi náà wò. Ó wà nínú mi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò tó tirẹ̀.

Dókítà Ha béèrè nípa ibi tí mo ń jókòó sí, ẹni tó ń gbá ibẹ̀, ẹni tó ń fọ aṣọ mi, ohun tó wà nítòsí. Mo ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ata, mo sọ pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti ń fi fáìlì rin òjé ló sá a sí.

"Ó ti lọ ata náà?"

"Ó ti lọ̀ ọ́."

"Ta ló ti jẹ ẹ́?"

Mo jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe Minha.

"Ata tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́, ṣé o ti ń lò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kí ló dé? Màámi ńkọ́?"

"Má lò ó mọ́. Dì í sínú ọ̀rá, gbé e jìnnà. Ohun tí o bá fi sè, dà á nù." Mo wá sọ ìdí rẹ̀ fún un. N kò mọ bí mo ṣe tò ó.

"Bàbá, oyún ń bẹ nínú mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀," ló wí. "Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó pa fóònù. Lẹ́yìn díẹ̀, ọkọ rẹ̀ pè mí. Ó ní àwọn ń lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè sọ fún wa, Bàbá." Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.


Ọjọ́ kejìlá

A ń retí.


Ọjọ́ kẹtàlá

A ń retí. Ìyá Minha kò tíì bá mi sọ nǹkan kan ju "Omi" àti "Ẹ ṣí fèrèsé" lọ. Ó ń bá obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, wọ́n dákẹ́.


Ọjọ́ kẹrìnlá

Kò sí nǹkan kan lára Minha! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti bu nínú ata náà, ó fi wọ́n ẹyin. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń fún wọn ní kimchi, Minha kò sì fẹ́ kí ìyá ọkọ rò pé tìyá òun dùn jù, ló ṣe gbé tiwa pamọ́. Èmi tí mo ti ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ jowú láti ìgbà ìgbéyàwó!

Mo sọ fún Ìyá Minha. Ó fi ọwọ́ òsì bo ojú. Mo nawọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ ná."

Mo lọ dúró níbùdókọ̀, mo sunkún. Ìyá àgbà kan fún mi ní pépà ìnujú, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, "Kí wá ni?"


Ọjọ́ kejìdínlógún, ilé

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba wá wo ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n bo imú. Gbogbo àdúgbò ló dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n bu ilẹ̀ ibẹ̀ lọ, wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì lọ nínú ọ̀rá tí wọ́n dì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n má gbá nǹkan kan ní gbígbẹ mọ́, omi ni kí n máa fi nù ún.

Mo nu ilé láti òwúrọ̀. Ògiri, ẹsẹ̀ tábìlì, abẹ́ sítóòfù tí mo sá mọ́ọ̀dù sórí rẹ̀. Ibi tí mo bá fi aṣọ kàn ni aṣọ ń dúdú. Ilé tí mo ti ń rò pé ó mọ́.


Ọjọ́ kọkàndínlógún

Manho wá. Ó gbọ́ pé mo fẹ́ kó gbogbo mọ́ọ̀dù nù.

"Má ya wèrè! Bàbá mi, eyín ló fi ń fún òjé mọ́ àwọ̀n. Eyín! Ọdún mélòó ló lò láyé? Ọgọ́rin ó lé mẹ́rin!"

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi báwo?"

"Ọdún mélòó ni ìyá rẹ lò?"

Ó wò mí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á, bóyá kì í sì í ṣe òjé. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ó dìde, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ti di ẹni ibi," ó lọ. Kò kó òjé rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìjọba, mọ́ọ̀dù aluminiọ́mù náà sì wà nínú rẹ̀. Mo dì í mú díẹ̀ kí n tó jù ú sí i.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, Jinju

Òjé inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Inú kò lọ́ ọ mọ́. Ó jẹ ẹ̀kọ ìrẹsì, ó tọrọ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò gbé sókè láti ọrùn ọwọ́. Ó kọ́ sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Dókítà Ha ní ó lè padà bọ̀ sípò, ó lè má padà tán. Ó ní oṣù mẹ́fà, bóyá ọdún kan.

Ó tún sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé òjé máa ń mú ènìyàn bínú, pé bóyá òun ló fà á tí inú mi fi ń yára ru lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Àánú mi ló ṣe é. Ó wù mí kí n gbà á. Ṣùgbọ́n mo rántí ara mi kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ òjé.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo gbé e wá sílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wo ibi tí wọ́n ti bu ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn tuntun dí i. Ó wò ó pẹ́.

Mo gbé tíì wá. Mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Kí ló dé tí o fi ń gbá ibẹ̀? N kò rán ọ níṣẹ́. Mo tilẹ̀ ń bínú sí i."

"Ẹ ò rán mi."

"Kí ló wá dé?"

Ó fi ọwọ́ òsì yí ife náà lórí tábìlì. "Ọdún tí orúnkún yín lé yín kúrò lójú òkun, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn bí àpótí. Ẹ ò bá èmi sọ̀rọ̀, ẹ ò bá ajá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ sọ́jà kí n fi yín sílẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ òjé, ọjọ́ kan mo wà nílé ìdáná, mo gbọ́ tẹ́ ẹ ń súfèé. N kò gbọ́ ọ láti ọdún méjì. Mo ní ibi tó mú ọkọ mi súfèé, n kò ní í jẹ́ kó dọ̀tí."

N kò mọ̀ pé mo máa ń súfèé.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá

Òtútù dé. Kábéèjì ti gbówó lórí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wọ́ọ̀nù ẹyọ kan. Láti ọdún tí a ti kó dé àdúgbò yìí, ilé wa làwọn obìnrin ti máa ń ṣe kimchi ìgbà òtútù, nítorí ẹ̀yìnkùlé wa ló fẹ̀ jù. Ìyá Yongju, ará ilé kejì, wá lónìí. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́yìn géètì.

"Ìyá Minha, a ní ká ṣe é nílé tèmi lọ́dún yìí. Kí o lè sinmi."

"O ṣeun."

"Nítorí ọwọ́ rẹ ni o. Kì í ṣe nǹkan mìíràn."

"Mo mọ̀. Ẹ máa ṣe tiyín. Èmi àti Bàbá Minha á ṣe tiwa."

Nígbà tó lọ tán, mo ní kí n lọ bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Minha ní, "Ẹ fẹ́ sọ kí ni? Bí mo bá jẹ́ òun, n kò ní í wọlé." Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin mẹ́sàn-án ló máa ń jókòó lẹ́yìnkùlé wa, tí wọ́n ń fi ọkọ wọn ṣẹ̀sín. Mo máa ń sá fún ariwo wọn.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún

A ṣe kimchi. Nínú ilé ni a ti ṣe é, lórí ọ̀rá tuntun, nínú abọ́ tuntun. Ata ará òkè kan ni mo rà. Ìyá Minha jókòó lórí àga bí ọ̀gá ọmọ ogun, èmi wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

"Ẹ má fi ata pa á lójú! Ẹ ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mo ń ṣí i."

"Ẹ ń fà á ya ni. Ṣé ẹja lẹ rò pé ẹ ń tú ìfun rẹ̀? Láti ìdí wá. Ìdí! Ibo ni ìdí kábéèjì wà?"

"Kábéèjì yìí ò ní ìdí."

"Ẹ̀yin lẹ ò ní ojú."

Ẹ̀yìn ń dùn mí, ata wọ ojú mi, ogún kábéèjì péré la ṣe. Òun ń ṣe ọgọ́rin lọ́dọọdún. Ogójì ọdún ni mo ti ń jẹ ẹ́, n kò sì jókòó tì í rí lọ́jọ́ tó ń ṣe é. Nígbà kan ó gbàgbé, ó na ọwọ́ ọ̀tún láti fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ká ewé tó gbẹ̀yìn yí i ká. Ọwọ́ náà kò ṣe ohun tó rán an. Ó gbé e padà sórí itan, ó fi èkejì bò ó.

"Ẹ ká a bí ẹni ń di ọmọ," ló wí.

Mo ká a.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá

Minha pè. Ọmọ ń tàpá dáadáa. Ìyá rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀ pẹ́, èmi sì gba fóònù nígbẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ jẹun dáadáa, Bàbá," ó ní ó dàbọ̀, ó tún padà sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbà tí òun bá bímọ, àwọn kò ní í tètè wá sílé. Màámi ni kó wá bá àwọn ní Seoul. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kimchi ti kan díẹ̀, ó tó jẹ. Mo ti fọ gbogbo àwo lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo ti dojú wọn délẹ̀ lórí àtẹ kí wọ́n gbẹ. Ìyá Minha dìde láti bu ìrẹsì. Mo ní kó jókòó, ó ní ọwọ́ òsì òun kì í ṣe igi. Mo ń wò ó. Ó mú abọ́ tirẹ̀, ó wo inú rẹ̀ lábẹ́ iná, ó bu omi sí i, ó ṣàn án. Ó da omi náà nù. Ó tún wò ó. Ó tún ṣàn án. Kò yára, kò sì fi hàn mí. Ó ṣe é bí ohun tó ti ń ṣe tipẹ́. Bóyá láti ọjọ́ tó ti dé láti ilé ìwòsàn ni. Èmi ni n kò rí i.

Mo wo ilẹ̀. Kò sí ohun tí n ó sọ, kò sì sí ohun tí n ó ṣe sí i tí kò ní í máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí a ó fi kú.

Omi tún ró. Mo gbójú sókè. Abọ́ tèmi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, ó wo inú rẹ̀, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó bu ìrẹsì kún un, ó gbé e síwájú mi.

"Ó ń tutù," ló wí. "Ẹ jẹun."